Ọpọlọ mọ́, iyè ńkọ́? Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ oògùn aducanumab

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni. Aǹtí kan tó máa ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn wa ní Ìbàdàn. Kò tíì kí mi tán tó ti na fóònù rẹ̀ sí mi. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Houston ló fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp mọ́jú ọjọ́ náà: Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn tuntun fún àrùn Alzheimer, aducanumab lorúkọ rẹ̀, oògùn tuntun àkọ́kọ́ láti ọdún 2003. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Èló ni? Báwo la ṣe máa rí i rà fún màmá?"

Mo mọ màmá tó ń sọ. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági kí iyè wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Nígbà tí mo lọ kí wọn nílé lọ́dún tó ṣáájú, aṣọ ankara kan wà lórí itan wọn, wọ́n ń nà án láti ìka ọwọ́ dé èjìká, wọ́n ń ka ọ̀pá: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọn ò ṣì í kà. Wọ́n kà á dé ẹ̀fà, wọ́n ká a dáadáa, etí kan etí, wọ́n tún tú u, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wọn gbé omi fún wọn. Wọ́n gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní, "Ẹ ṣé o, màmá. Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ọmọ yín. Kí lorúkọ yín?"

Mo bẹ aǹtí pé kó fún mi ní ọjọ́ mélòó kan kí n kà nípa oògùn náà. Ohun tí mo kà nígbà náà, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ títí wọn fi kó oògùn náà kúrò lórí àtẹ, ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹbí ló wà nípò aǹtí yìí, tí ìròyìn òkè òkun ń dé etí wọn ní ààbọ̀.

Nílé wa, "ó ń ṣarán" la máa ń wí, a sì máa ń wí i bí ẹni pé ọjọ́ orí ló kó o wá. Alzheimer kì í ṣe ọjọ́ orí lásán. Ní ọdún 1901, wọ́n gbé obìnrin ẹni ọdún 51 kan, Auguste Deter, wá sí ilé ìwòsàn ní Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì. Nígbà tí dókítà bi í pé kí lorúkọ ọkọ rẹ̀, ó ní Auguste, orúkọ ara rẹ̀. Alois Alzheimer ni dókítà yẹn. Nígbà tí obìnrin náà kú ní 1906, ó yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí ìdọ̀tí tó dì gúlúsọ́ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ó sì rí ohun tó dà bí òwú tó ti lọ́ mọ́ra nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Ìdọ̀tí tó dì yẹn la wá mọ̀ sí amyloid.

Láti nǹkan bí ọdún 1992 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé amyloid ni orísun gbogbo rẹ̀: òun ló ń kọ́kọ́ kó jọ, ìyókù ń tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbá ìdọ̀tí náà kúrò ti gba iyè là nìyẹn. Ìrètí yìí ti ná àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ní owó tí kò kéré. Oògùn kan tó ń jẹ́ bapineuzumab já kulẹ̀ ní 2012, òmíràn tó ń jẹ́ solanezumab tẹ̀ lé e ní 2016. Àwọn oògùn àtijọ́ tí a ṣì ń tà títí di òní, bíi donepezil tó jáde ní 1996, kì í fọwọ́ kan amyloid rárá. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní acetylcholine, òun ló ń gbé iṣẹ́ láti sẹ́ẹ̀lì kan dé ìkejì nínú ọpọlọ. Àìsàn yìí máa ń dín in kù. Donepezil kì í jẹ́ kí ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù tètè bàjẹ́. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dá àìsàn náà dúró.

Aducanumab yàtọ̀ láti ibi tí wọ́n ti wá a lọ. Ilé-iṣẹ́ Neurimmune ní Zurich, ní Switzerland, lọ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó tí iyè wọn ṣì jí pépé. Wọ́n wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà àwọn sójà ara tó ń bá amyloid jà, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n sọ ọ́ di oògùn. Mo fẹ́ràn èrò yìí, mi ò ní purọ́. Kí èèyàn lọ bá arúgbó tí àìsàn ò mú kó lè fi ara rẹ̀ wo ẹni tí àìsàn mú, ọgbọ́n ńlá ni. Biogen, ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 2007.

Ní 2016, wọ́n gbé èsì ìdánwò kékeré kan jáde, èèyàn 165 ló wà nínú rẹ̀. Àwòrán ọpọlọ tó wà níbẹ̀ ló gba ọkàn gbogbo ayé. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ fún ọdún kan, pupa tó ń fi amyloid hàn nínú ọpọlọ wọn ń ṣá, bí oògùn bá ṣe pọ̀ sí ni ó ń ṣá sí. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe ìdánwò yẹn ní títóbi tó lè fi sọ̀rọ̀ lórí iyè. Àwòrán fi hàn pé ọpọlọ ń mọ́. Bóyá olóhun ń rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i, ìbéèrè mìíràn nìyẹn.

Ìdánwò ńlá méjì ni wọ́n ṣe láti dáhùn ìbéèrè yẹn. Ọ̀kan ń jẹ́ EMERGE, èkejì ń jẹ́ ENGAGE. Ìbejì ni wọ́n, ètò kan náà ni wọ́n fi ṣe é. Èèyàn 3,285 ló wọ méjèèjì pọ̀, gbogbo wọn ni àìsàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń fa oògùn sí iṣan wọn fún ọdún kan àbọ̀. Àwọn kan gba èyí tó pọ̀, àwọn kan gba díẹ̀, àwọn yòókù gba omi tí kò ní oògùn kankan nínú, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí òun ń gbà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, wọ́n yẹ àbọ̀ iṣẹ́ wò, wọ́n rí i pé bí wọ́n bá ṣe é dé òpin pàápàá, kò jọ pé ó máa yege. Wọ́n dá méjèèjì dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Biogen padà wá. Wọ́n ní àwọn ti ka èsì àwọn tó parí lẹ́yìn ìyẹn mọ́ ọn, pé nínú EMERGE, àwọn tó gba oògùn tó pọ̀ ò tètè fà sẹ́yìn tó àwọn tó gba omi lásán. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ó yẹ kí n dúró lórí nọ́ńbà yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣìnà. Ìwọ̀n tí wọ́n lò máa ń lọ láti òdo dé 18. Dókítà á jókòó ti aláìsàn, á sì jókòó ti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, á bi wọ́n nípa ohun mẹ́fà: ìrántí, ṣé ó mọ ọjọ́ àti ibi tó wà, ṣé ó lè dá ọ̀ràn rò, ọjà àti àwùjọ, iṣẹ́ ilé, ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba òdo dé 3. Bí àìsàn bá ṣe ń le ni nọ́ńbà ń pọ̀. Ìṣísẹ̀ tó kéré jù lọ tí dókítà lè kọ sílẹ̀ fún ẹnì kan ni ìdajì, 0.5. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn tó gba oògùn àti àwọn tó gba omi nínú EMERGE jẹ́ 0.39. Mo mọ̀ pé àròpọ̀ tí a pín kiri ni, pé ẹnì kan lè jèrè jù bẹ́ẹ̀ kí ẹlòmíràn má jèrè rárá. Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹbí tó fẹ́ tà ilẹ̀ nítorí oògùn mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wí kò tó ìṣísẹ̀ kan lórí ìwọ̀n náà.

Nínú ENGAGE ńkọ́? Àwọn tó gba oògùn tó pọ̀ tilẹ̀ fi 0.03 burú ju àwọn tó gba omi lọ. Ìyẹn ni pé kò sí ìyàtọ̀. Ìbejì tí a bí lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni, èkejì ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Biogen ṣàlàyé pé wọ́n yí ètò padà láàárín kan kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè gba oògùn tó pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, pé àǹfààní ìyípadà náà kan EMERGE ju ENGAGE lọ. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàyé tí a wá lẹ́yìn tí èsì ti jáde ò lè dípò ẹ̀rí. Bí wọ́n bá gba àlàyé náà gbọ́ lóòótọ́, ìdánwò kẹta ló yẹ kí wọ́n ṣe, kí wọ́n sì ṣe é kíákíá.

Ewu tún wà níbẹ̀. Nínú àwọn tó gba oògùn tó pọ̀, nǹkan bí 4 nínú 10 ni ọpọlọ wọn wú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ń jò sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ọ́n lára, ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ ló fi í hàn; àwọn mìíràn ní ẹ̀fọ́rí, òòyì, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn. Nítorí ìdí èyí, ìlànà oògùn náà sọ pé kí wọ́n ya MRI kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún yà á kí abẹ́rẹ́ keje tó wọlé, kí wọ́n tún yà á kí ìkejìlá tó wọlé. Ẹni tó bá ti fi àgbàlagbà sínú ọkọ̀ láti lọ ya MRI kan ṣoṣo ní ìlú wa mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àjọ FDA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe níhìn-ín, kó ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ jọ láti gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ìwé tí wọ́n fún ìgbìmọ̀ náà kà, FDA àti Biogen ló jọ kọ ọ́, èyí tí kì í ṣe àṣà. Nínú ìwé kan náà, oníṣirò FDA fúnra wọn kọ ọ́ pé ẹ̀rí náà ò tó. Wọ́n bi ìgbìmọ̀ pé ṣé ó tọ́ kí a gba EMERGE gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pàtàkì pé oògùn yìí ń ṣiṣẹ́. Ẹni 10 ní rárá. Ẹnì 1 ní òun ò dájú. Kò sí ẹnì kankan tó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé náà pẹ̀lú. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fọwọ́ sí i, pé àwọn ò ní àkókò láti dúró de ìdánwò mìíràn. Mi ò lè bá wọn wí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, ọdún mẹ́rin jìnnà sí i ju ọ̀run lọ.

Ọjọ́ keje oṣù Kẹfà ọdún 2021, FDA fọwọ́ sí i. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ló ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Wọn ò ní oògùn náà dá iyè padà tàbí pé ó dáàbò bò ó. Wọ́n ní ó ń dín amyloid kù, àti pé ó jọ pé dídín amyloid kù lè ṣe aláìsàn láǹfààní. Bẹ́ẹ̀ níbi ìpàdé oṣù Kọkànlá, ọ̀gá ẹ̀ka tó ń bójú tó oògùn ọpọlọ ní FDA ti sọ fún ìgbìmọ̀ náà pé àwọn ò fi amyloid ṣe ẹ̀rí pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí Biogen lọ ṣe ìdánwò mìíràn láti fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, wọ́n sì fún wọn títí di 2030.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀: Joel Perlmutter, David Knopman àti Aaron Kesselheim. Kesselheim kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìfọwọ́sí oògùn tó burú jù lọ ní Amẹ́ríkà láìpẹ́ yìí. Biogen ti dá iye lé e: ẹgbẹ̀rún 56 dọ́là lọ́dún fún ẹnì kan.

Nígbà tí mo ka iye yẹn fún aǹtí, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dákẹ́. Ó wá ní bí àwọn ọmọ ìyá òun tó wà lókè òkun bá dá a jọ, wọ́n á lè ṣe oṣù mẹ́ta. Mo ní, "Aǹtí, ẹ má fi owó ránṣẹ́ síbì kankan." Mo ṣàlàyé pé ẹ̀rí ò tíì tó, pé àwọn tí àìsàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò, pé màmá ti kọjá ibẹ̀. Inú bí i gan-an. Ó ní ẹ̀yin onísègùn Nàìjíríà, kò sí ohun tí ẹ mọ̀ wí ju pé kò ṣeé ṣe lọ. Ó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó lọ, mi ò rí i fún nǹkan bí oṣù méjì.

Ohun kan wà nínú ọ̀ràn yìí tó dùn mí ju iye owó lọ. Nínú 3,285 èèyàn tí wọ́n fi dán oògùn náà wò, àwọn aláwọ̀ dúdú ò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlú wa sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ kọ́ ayé pé àìsàn yìí kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Láti ọdún 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ti jọ ń ṣe ìwádìí ní Ìdíkàn níhìn-ín àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ogunniyi, Baiyewu àti Gureje wà lára àwọn tó ṣe é, pẹ̀lú Hugh Hendrie láti Indiana. Ilé dé ilé ni wọ́n lọ. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bi àwọn arúgbó léèrè. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé láàárín ọdún kan, nǹkan bí 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Ìbàdàn ni Alzheimer ń mú, ní Indianapolis 2.52. Àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní ApoE4, èyí tó ń mú kí àìsàn yìí yá láti mú àwọn òyìnbó, kò fi agbára kan náà hàn ní Ìbàdàn. Àbùdá yẹn kan náà ló ń mú kí ọpọlọ tètè wú nígbà tí èèyàn bá ń gba aducanumab. Kí ló máa ṣe nínú ọpọlọ wa? Kò sẹ́ni tó lè fèsì láti inú ìdánwò tí a ò sí nínú rẹ̀.

Ìyókù ò gba àlàyé púpọ̀. Cleveland Clinic àti Mount Sinai, ilé ìwòsàn ńlá méjì ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ò ní fún aláìsàn kankan ní oògùn náà. Ní oṣù Keje 2021, FDA dín ìlànà rẹ̀ kù sí àwọn tí àìsàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Owó tí àwọn arúgbó ń san lóṣooṣù fún Medicare Part B, ẹ̀ka kan nínú ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, lọ sókè láti 148.50 dọ́là sí 170.10 fún 2022, nǹkan bí ìdajì àfikún náà sì jẹ́ nítorí oògùn yìí, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó dáadáa. Biogen gé iye rẹ̀ sí 28,200 dọ́là. Ilẹ̀ Yúróòpù kọ̀ ọ́ ní oṣù Kejìlá 2021. Ní oṣù Kẹrin 2022, Medicare ní àwọn ò ní sanwó rẹ̀ àyàfi fún ẹni tó bá wà nínú ìdánwò. Gbogbo ohun tí Biogen rí lórí rẹ̀ ní 2021 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 dọ́là. Ní ìparí 2022, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde pé ohun tí kò bójú mu pọ̀ nínú bí FDA àti Biogen ṣe jọ ṣe é. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2024, Biogen ní àwọn ò ṣe é mọ́, wọ́n dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà fún Neurimmune ní Zurich.

Aǹtí padà wá ní oṣù Kẹjọ 2021. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kó gbogbo oògùn màmá wá, ìyẹn tí dókítà kọ àti ìyẹn tí wọ́n fúnra wọn ń rà. Ó da wọ́n sórí káńtà láti inú ọ̀rá dúdú: donepezil, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fítámìnì, àti sáṣẹ́ẹ̀tì chlorpheniramine mẹ́rin, èyí tí gbogbo èèyàn ń rà fún ara yíyún. Alaalẹ́ ni màmá ń lò ó fún bí ọdún méjì, nítorí ó ń jẹ́ kí wọ́n sùn. Oògùn ara yíyún yẹn máa ń dènà iṣẹ́ acetylcholine, ohun kan náà tí donepezil ń làkàkà láti dáàbò bò. Ọ̀kan ń fà á síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn. Dókítà wọn fọwọ́ sí i kí a dá a dúró, a fi ìpara rọ́pò rẹ̀ fún ara yíyún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn ò tún máa tòògbé lọ́sàn-án mọ́, wọ́n sì ń dáhùn bí èèyàn bá pè wọ́n. Wọn ò mọ orúkọ ọmọ wọn síbẹ̀.

Ní 2023, àbúrò Houston tún fi ìròyìn ránṣẹ́: lecanemab, oògùn mìíràn tó ń gbá amyloid kúrò, ti gba ìfọwọ́sí kíkún ní oṣù Keje. Èyí ní ìdánwò ńlá kan tó yege, èèyàn 1,795. Aǹtí jókòó lórí àga tó wà lẹ́bàá fíríìjì wa, kò bínú lọ́tẹ̀ yìí.

Ó ní, "Ṣé èyí náà, ọpọlọ ló máa fọ̀, àbí màmá á mọ̀ mí?"

Mo ní fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, kì í sì í dá ohun tó ti lọ padà. Ó ń dín bí àìsàn ṣe ń sáré kù díẹ̀.

Ó ní, "Díẹ̀ báwo?"

Mo fa ìwé kan jáde, mo ya ìlà láti òdo dé 18 fún un, mo sì fi bírò sàmì sí 0.45.